Abèèrè Náà Máa Ń Ṣìnà Lórí Ayélujára

Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín èèyàn méjì lóde òní, ì báà jẹ́ lórí oògùn, lórí òfin ilẹ̀, tàbí lórí iye tí ìjọba ná sórí afárá, gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ jáde: “Lọ wò ó lórí Google.” Ẹni tó sọ ọ́ gbà pé òun ti gbé ẹjọ́ náà lọ bá adájọ́ tí kì í ṣègbè. Àwọn aláṣẹ náà ti mọ̀ ọ́n sọ. Bí wọ́n bá kéde ètò tuntun, wọ́n á ní gbogbo àlàyé wà lórí ìkànnì àwọn, kí oníkálukú lọ kà á. Olùkọ́ ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ń sọ ọ́ fún òbí. Ohun tó fara sin sínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbàgbọ́ pé èèyàn méjì tó ní irú fóònù kan náà, tí dátà sì wà lórí fóònù àwọn méjèèjì, á wá nǹkan kan náà, wọ́n á sì mú èsì kan náà bọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn ń rí lórí ayélujára kò ṣẹ̀yìn ohun tó gbé lọ síbẹ̀: ohun tó ti gbàgbọ́, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èdè tó gbọ́, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó, àti bí sùúrù rẹ̀ ṣe mọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò dọ́gba lọ́wọ́ wa, nítorí náà “lọ wò ó fúnra rẹ” kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ tó kárí. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, nígbà tó bá jẹ́ pé èèyàn là ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó lè wo ojú wa kó sì bi wá pé ibo gan-an là ń lọ. Google kì í bi ni ní ìdí tí a fi ń béèrè.

Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2002, Eszter Hargittai, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Princeton nígbà náà, gbé ìwádìí kan jáde. Èèyàn 54 ló ṣà jọ ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn ará àdúgbò lásán, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìkan. Ó mú wọn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n bá òun wá àwọn nǹkan kan jáde, irú bíi fọ́ọ̀mù owó orí. Ariwo tó gbòde lásìkò yẹn ni pé bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, àlàfo tó wà láàárín olówó àti mẹ̀kúnnù á dí fúnra rẹ̀. Ohun tí Hargittai rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ohun tí ẹnì kan rí ní wàrà-wàrà, ẹlòmíràn wá a títí ó fi sú u. Àwọn ọ̀dọ́ yá ju àwọn àgbà lọ, àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ sì yá ju àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bóyá ọkùnrin ni èèyàn tàbí obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ó pe ohun tó rí yìí ní àlàfo onípele kejì: ti àkọ́kọ́ wà láàárín ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní, ti èkejì wà láàárín ẹni tó mọ̀ ọ́n lò àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹnu àlàfo kejì yìí ni ilẹ̀ Yorùbá wà báyìí. Fóònù ti dé ọwọ́ alákàrà, ó ti dé ọwọ́ ọlọ́kadà, ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú oko. À ń yọ̀ pé ayélujára ti kárí, àmọ́ a kì í béèrè pé kí ni oníkálukú ń rí níbẹ̀.

Nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn, èyí tó lágbára jù lójú tèmi kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìgbàgbọ́ ni. Ní 2025, Eugina Leung àti Oleg Urminsky tẹ ìwádìí kan jáde nínú PNAS, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onísáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ sórí Google ti máa ń gbè sẹ́yìn ohun tó ti gbàgbọ́ kó tó mú fóònù. Ẹni tó gbà pé kọfí ń ṣara lóore á béèrè àǹfààní kọfí, ẹni tó gbà pé ó ń pani lára á béèrè ewu rẹ̀. Oníkálukú á rí ohun tó béèrè, á sì dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Kò sí èyí tó ka irọ́ nínú wọn. Ìbéèrè wọn ló ti dín ọ̀nà kù kí ìdáhùn tó dé. Ohun tó sì yẹ kó jẹ wá lógún jù nínú iṣẹ́ náà ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọ́n rò pé ìwádìí làwọn ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ká ní nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjì, ó sì bá a ní 160 lórí 100. Àwọn méjèèjì délé, wọ́n mú fóònù. Ọ̀kan tẹ “agbo to n wo eje riru patapata”. Èkejì tẹ “ki lo n fa eje riru”. Ohun tó máa pọ̀ jù nínú ohun tí ẹni àkọ́kọ́ máa rí ni fídíò àwọn tó ń ta àgbo, ìjẹ́rìí ẹni tí wọ́n ní ó ti lò ó tó sì ti dáwọ́ oògùn òyìnbó dúró, àti nọ́ńbà WhatsApp tí èèyàn á pè láti rà á. Ẹnì kejì á rí àlàyé nípa iyọ̀ àpọ̀jù, ọtí, sísanra jù, àìṣe eré ìdárayá àti ìran. Á kà á pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì kankan hàn, àti pé ara tó yá kì í ṣe ìdí láti pa oògùn tì. Ohun tó pín wọn níyà jù ni ọ̀rọ̀ kan: “pátápátá”. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà ṣèlérí pé ẹ̀jẹ̀ ríru á lọ tí kò ní padà mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé a lè kápá rẹ̀. Ẹni tó bá wá fi “pátápátá” sínú ìbéèrè rẹ̀ ti yọ gbogbo dókítà kúrò nínú àwọn tó máa dá a lóhùn, ó sì ti kó ara rẹ̀ lé àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrètí ló fi tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ta ni yóò sì bá ẹni tí ara rẹ̀ kò dá wí pé ó ní ìrètí?

Irú ọ̀fìn yìí ni ìwádìí kan fi hàn kedere nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní oṣù Kejìlá 2023. Kevin Aslett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìròyìn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan jẹ́ òótọ́, àwọn kan jẹ́ irọ́. Wọ́n ní kí àwọn kan lọ wádìí lórí ayélujára kí wọ́n tó dájọ́. Àwọn yòókù dájọ́ láìwádìí. Èèyàn á rò pé àwọn tó wádìí ni àṣírí irọ́ á tètè tú sí lọ́wọ́. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: wíwádìí fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kún bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí wọ́n gba ìròyìn irọ́ ní òótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn náà sọ pé ìyàn kan ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá wádìí ìyàn lásán bọ́ sórí ìròyìn gidi. Àmọ́ ẹni tó bá da gbólóhùn inú àkọlé náà kọ bó ṣe wà, tó béèrè ìyàn àmọ̀ọ́mọ̀dá, ọwọ́ àwọn tó ń tan irọ́ kan náà ká ló bọ́ sí, nítorí àwọn ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí òye wọn nípa lílo ẹ̀rọ kò jinlẹ̀ ni irú èsì burúkú bẹ́ẹ̀ ń já lù jù. Mo mọ̀ pé kò sí ìkìlọ̀ tí à ń sọ léraléra tó “ẹ máa wádìí kí ẹ tó gbàgbọ́.” Ìkìlọ̀ náà kò burú, àmọ́ kò pé. Ẹni tí a kò kọ́ ní bí a ṣe ń wádìí lè fi ìwádìí fẹsẹ̀ irọ́ múlẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè ní àìkàwé ló fa gbogbo èyí, pé bí ọmọ wa bá ti wọ yunifásítì, ọgbọ́n á dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Yunifásítì Stanford dán an wò ní 2017. Èèyàn 45 ni wọ́n kó jọ: ọ̀mọ̀wé 10 nínú ìmọ̀ ìtàn, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25, àti èèyàn 10 tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ìròyìn wò bóyá òótọ́ ni. Wọ́n fi ojú ìwé ẹgbẹ́ méjì hàn wọ́n, tí orúkọ wọn jọra bí ìbejì: American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ ńlá àwọn dókítà ọmọdé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1930, àti American College of Pediatricians, ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn kan tí èrò wọn yàtọ̀ dá sílẹ̀ ní 2002. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan ẹgbẹ́ kékeré náà bí ẹni pé òun ló ṣeé gbára lé jù, nítorí ojú ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní àmì ẹgbẹ́, ó sì tọ́ka sí ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń ṣiyèméjì. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti kékeré ni pé kí wọ́n jókòó ti ìwé, kí wọ́n kà á jinlẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ayẹ̀ròyìn-wò kò tilẹ̀ kà á pẹ́. Wọ́n jáde kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣí ojú ìwé mìíràn, wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn pé ta ni ó ni ìkànnì yìí, kí ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn. Láàárín ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Àṣà tí iṣẹ́ fi kọ́ wọn ló gbà wọ́n, ó sì jẹ́ àṣà tí yunifásítì kò fi kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Èyí ló fi yẹ kí àwa tí a kàwé díẹ̀ má ṣe máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ìyá wa tó ń fi ìròyìn irọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìwé tí a kà kò bò wá tó bí a ṣe rò.

Ẹ̀rù náà ń ṣe tirẹ̀. Ní oṣù Keje 2014, nígbà tí Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó, jìnnìjìnnì bo gbogbo ilẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìlú kan: kí èèyàn fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn èèyàn ń jí ara wọn lóru lórí fóònù. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde láàárín oṣù náà pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa rí gbà. Àwọn kan pa á rẹ́, àwọn kan pe dókítà, àwọn kan gbé omi kaná. Ẹni tí ẹ̀rù bà kì í wá òótọ́, ààbò ló ń wá, ohun àkọ́kọ́ tó bá sì jọ ààbò ni yóò dì mú. Ryen White àti Eric Horvitz ní Microsoft fi irú èyí hàn lọ́nà mìíràn ní 2009. Nínú èsì tí ẹ̀rọ ń mú wá fún ẹni tó béèrè nípa orí fífọ́, ojú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa kókó inú ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó èyí tó ń sọ pé kọfí tí èèyàn ṣíwọ́ mímu ló fà á, bẹ́ẹ̀ ìkan ṣọ̀wọ́n gan-an, èkejì sì wọ́pọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á kà á kọjá. Ẹni tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ á tẹ èyí tó burú jù, á tún ti ibẹ̀ tẹ òmíràn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a láìsùn.

Ìmọ̀ tí èèyàn ti ní tẹ́lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Lóṣù Kẹta 2020, lẹ́yìn tí Ààrẹ Trump yin oògùn chloroquine fún àrùn kòrónà, àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, àwọn kan lò ó ju agbára ara lọ, wọ́n sì di èrò ilé ìwòsàn. NCDC, àjọ tó ń kápá àrùn ní Nàìjíríà, ní láti kìlọ̀ fún gbogbo ìlú. Ẹni tó bá wádìí lọ́jọ́ náà kò ní ṣàì rí òótọ́ kan he. Ìwádìí wà láti 2005 pé chloroquine dá kòkòrò SARS, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí kòkòrò kòrónà, lọ́wọ́ kọ́ nínú abọ́ àyẹ̀wò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tí òótọ́ yẹn kò sọ ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti inú abọ́ àyẹ̀wò dé inú ara èèyàn. Apòògùn tó kà á mọ ọ̀nà jíjìn náà, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fóònù kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tó fi jẹ̀bi. Àwọn méjèèjì rí ojú ìwé kan náà, wọ́n kà á tán, ohun tó yé wọn kò jọra rárá.

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀bi àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ni, kì í ṣe ti wa. Wọ́n ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò. Bing Pan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kan ní Yunifásítì Cornell, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú wo ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò lójú ìwé Google, wọ́n wá yí èsì padà láìsọ fún wọn, wọ́n gbé ti ìsàlẹ̀ sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń tẹ èyí tó wà lókè, kódà nígbà tí kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu dáadáa. Ẹni tó bá ń pinnu ohun tó máa wà lókè ní agbára lórí ọkàn wa, ó sì yẹ kí òfin máa bi í léèrè bó ṣe ń lò ó, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé ìpolówó ọjà ló sábà ń jókòó sókè pátápátá. Mo fara mọ́ ìyẹn. Síbẹ̀, kò sí òfin tó lè tún ìbéèrè tí a bi í ṣe. Bí Google bá di olóòótọ́ jù lọ láyé, ẹni tó béèrè àgbo tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru pátápátá ṣì máa rí alágbo. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tó wọ ìsọ̀ elégbòogi tó sì dárúkọ egbòogi tó fẹ́ rà: ọlọ́jà á wọ̀n ọ́n fún un, kò ní bi í pé kí ló ń ṣe é.

Owó àti èdè ni ibi tí ìyàtọ̀ wa ti dun àwùjọ tiwa jù. Àṣà àwọn ayẹ̀ròyìn-wò, kí èèyàn kúrò lójú ìwé kan lọ ṣí mẹ́ta mìíràn, dátà ló ń jẹ. Ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ kì í ṣe ọ̀lẹ bó bá dúró sórí èsì àkọ́kọ́. Owó ló ń ṣọ́ ná. Ti èdè sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ti kọjá àpilẹ̀kọ mílíọ̀nù méje, ti Yorùbá kò tó 50,000. BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ó ń ṣe gudugudu méje, ilé iṣẹ́ ìròyìn kan kò sì lè dá gbogbo ìbéèrè lóhùn. Michael Golebiewski àti danah boyd kọ̀wé ní 2018 nípa àwọn ibi òfìfo lórí ayélujára, ibi tí àwọn onímọ̀ kò kọ nǹkan kan sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú irọ́ ló ni ibẹ̀. Apá tó pọ̀ nínú ìbéèrè nípa ìlera tí èèyàn lè fi èdè Yorùbá béèrè, òfìfo bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló débẹ̀ ṣáájú? Àwọn tó ní ọjà láti tà. Láti 2024 ni Google ti ń gbọ́ Yorùbá tí a bá fi ẹnu bá a sọ̀rọ̀, inú mi sì dùn sí i, nítorí ẹni tí kò mọ̀wé kọ náà lè béèrè báyìí. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí a ṣí sílẹ̀ wọ inú yàrá tí àwọn dókítà wa àti àwọn agbẹjọ́rò wa kò tíì wọ̀ kò tíì ṣe ẹni náà láǹfààní tó yẹ.

Àtakò tó ń gbòde báyìí ni pé ọ̀rọ̀ wíwá nǹkan ti di àtijọ́, ẹ̀rọ AI ti dé, ó ti wọ inú WhatsApp pàápàá, ẹ bi í ní ìbéèrè, yóò dá yín lóhùn tààrà. Kò sí ohun tó yí padà nínú ẹjọ́ mi. Leung àti Urminsky dán ẹ̀rọ AI wò náà, ìbéèrè tó gbè sẹ́yìn ibì kan ṣì ń mú ìdáhùn tó gbè síbẹ̀ wá. Ohun kan sì wà tí AI fi léwu ju Google lọ fún ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń wádìí: Google kó èsì mẹ́wàá síwájú èèyàn, ó kéré tán ojú lè rí i pé wọn kò fẹnu kò. AI fún un ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ní èdè tó dán mọ́rán, ó sì lè hùmọ̀ ohun tí kò sí láyé rárá sínú rẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn àtakò náà ló le jù láti dá lóhùn: pé àgbàlagbà ló ni ara rẹ̀, kí ẹni tí kò fẹ́ kọ́gbọ́n máa jìyà àìgbọ́n rẹ̀. Ìbá jẹ́ pé ìyà náà mọ sọ́dọ̀ ẹni tó wádìí nìkan, ǹ bá má jiyàn. Lóṣù Kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò HPV, tó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Kí òbí tó fọwọ́ sí i, púpọ̀ wọn ló máa mú fóònù. Èyí tó béèrè pé “ṣé abẹ́rẹ́ HPV máa ń sọni di àgàn” àti èyí tó béèrè pé “kí ni abẹ́rẹ́ HPV wà fún” kò ní ka ohun kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ló wádìí, kò sì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ tẹ̀. Ara rẹ̀ ni èsì ìwádìí náà máa dúró sí títí di ìgbà tó bá dàgbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni, kò ṣeé fi sílẹ̀ fún oníkálukú.

Ohun tó fún mi nírètí ni pé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àbímọ́. A kò lè sọ arúgbó di ọmọdé, a kò sì lè sọ oníbẹ̀rù di akin lọ́jọ́ kan, àmọ́ àṣà ìwádìí ṣeé kọ́. Wineburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2022. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ mẹ́fà péré, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 50, nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wọn nípa ìṣèjọba, láìfi iṣẹ́ tuntun kún iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ náà yege nínú dídá ojúlówó ìkànnì mọ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn kò le: kí wọ́n tó gba ohun tí ìkànnì kan sọ gbọ́, kí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀ lọ wádìí ẹni tó ni ín. Tèmi á fi méjì kún un fún àwọn ọmọ wa. Èkíní, kí wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi ìbéèrè kejì wá ohun tó tako ti àkọ́kọ́. Èkejì, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìlérí bíi “pátápátá” àti “kíá” kúrò nínú ìbéèrè tó bá jẹ mọ́ ìlera tàbí owó. Ọmọ tó bá mọ èyí á kọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ nílé, ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Àwọn dókítà, apòògùn àti agbẹjọ́rò tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí àwọn aláìsàn àti oníbàárà yín ń bi yín lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ni, kí ẹ gbé e sí ibi tí ẹ̀rọ á ti rí i. Àwọn ilé ìkàwé ìjọba náà lè yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún àwọn àgbà tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń wádìí. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ mẹ́fà oníìṣẹ́jú 50 kò ju wákàtí márùn-ún lọ. Mo rọ àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀ oòrùn gúúsù kí wọ́n wá wákàtí márùn-ún náà sínú sáà tó máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án.